Kọ́ọ̀tù Ìbílẹ̀ àti Obìnrin Tí Kò Rú Òfin

Yorùbá ní ìka tí ó bá tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi fà nínú àròkọ yìí kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìka àti imú: ta ni ó ní àṣẹ láti fi ìyà jẹ ọmọnìkejì rẹ̀, níbo ni àṣẹ náà ti bẹ̀rẹ̀, níbo ni ó sì parí sí? Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà ni èyí, pé kí ẹni tí ń kọ̀wé lórí àṣà fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń dé wíìgì. N kò gbà. Orúkọ àṣà wa ni wọ́n fi ń pe kọ́ọ̀tù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń fi orúkọ baba mi gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó yẹ kí n lè bèèrè bóyá baba mi ni ó rán an.

Ẹjọ́ kan wà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá ní ọdún 1961. Agbára káká ni a fi lè rí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní orílẹ̀-èdè yìí tí kò kà á. Orúkọ obìnrin tí ó wà nídìí ẹjọ́ náà wà nínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n n kò ní tún dá a níhìn-ín, nítorí orúkọ náà ti jìyà tó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin náà kúrò nílé ọkọ rẹ̀, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin mìíràn, láìjẹ́ pé kọ́ọ̀tù kankan ti tú ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ká. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ sí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ onípò D. Òfin ọdún 1957 ni ó pín àwọn kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí ipò mẹ́rin, láti A títí dé D, D yìí ni ó sì kéré jù lọ nínú gbogbo wọn. Kọ́ọ̀tù tí ó kéré jù lọ yìí dá a lẹ́bi àgbèrè gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn. Wọ́n ní kí ó san owó ìtanràn, kí ó san owó gbà-má-bínú fún ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, bí kò bá sì rí owó san, kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Obìnrin náà kò gbà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga, níwájú Adájọ́ Àtàńdá Fatayi-Williams, ẹni tí ó wá di Adájọ́ Àgbà fún gbogbo Nàìjíríà láti 1979 sí 1983. Adájọ́ yìí ṣí ìwé òfin ìpìlẹ̀ tí a fi gba òmìnira ní 1960. Abala 21, ẹsẹ 10, ti là á sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀ràn kan àfi bí òfin tí a kọ sílẹ̀ bá ti sọ ohun tí ọ̀ràn náà jẹ́ àti ìyà tí ó tọ́ sí i. Ó yẹ òfin wò, kò rí ibi kankan ní gúúsù Nàìjíríà tí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbèrè jẹ́ ọ̀ràn tí ìjọba lè tìtorí rẹ̀ mú ènìyàn. Ó sì fagi lé ìdájọ́ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ náà. Ẹni tí kò ní àṣẹ ni ó dá ẹjọ́. Ìdájọ́ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wo ohun tí Adájọ́ náà kò sọ. Kò sọ pé àgbèrè dára. Kò sọ pé ọkọ tí a já jù sílẹ̀ kò ní ẹjọ́ kankan lọ́wọ́. Kò sọ pé owó orí kò ṣeé gbà padà, tàbí pé kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ tú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ká mọ́. Gbogbo èyí ṣì wà lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ nígbà náà, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dòní olónìí. Ohun kan ṣoṣo ni ó gbà lọ́wọ́ wọn: agbára láti jókòó sórí àga, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun kan di ọ̀ràn, kí wọ́n sì fi ẹnu kan náà rán ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn ní ilẹ̀ yìí, ológun wọlé, ológun jáde, ẹsẹ òfin náà kò sì kúrò. Ó wà nínú ti 1963, ó wà nínú ti 1979, ó sì wà ní abala 36, ẹsẹ 12, nínú èyí tí a ń lò láti 1999.

Síbẹ̀, àwọn tí ń pe ara wọn ní olùgbèjà àṣà kò yé kùn sí ìdájọ́ yìí. Ẹ ó gbọ́ ọ níbi ìkúnlẹ̀ ìyàwó, ẹ ó gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: òfin òyìnbó ni ó gba pàṣán lọ́wọ́ wa, òun ni ó sọ ilé ọkọ di ọjà tí obìnrin ń wọ̀ tí ó ń jáde bí ó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu. Ó máa ń mú kí àwọn ènìyàn mi orí. Ṣùgbọ́n irọ́ méjì ni ó gùn ún lẹ́yìn, n óò sì sọ wọ́n kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irọ́ àkọ́kọ́ ni pé kọ́ọ̀tù tí ó fẹ́ rán obìnrin yẹn lọ sí ẹ̀wọ̀n jẹ́ kọ́ọ̀tù baba ńlá wa. Ẹ fetí sí èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Kọ́ọ̀tù. Sámáńsì. Wáráńtì. Bélì. Fáìnì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí Odùduwà mú wá sí Ifẹ̀. Ẹ̀wọ̀n nìkan ni ó dàbí ọmọ ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n gan-an, irin tí a so kọ́ra wọn tí a fi ń de ènìyàn ni ó ń jẹ́ kí ó tó di orúkọ ilé tí ìjọba ń kó ènìyàn sí. Àwọn baba wa ní ibi tí wọ́n ń de arúfin mọ́ títí ẹjọ́ rẹ̀ yóò fi yanjú. Ṣùgbọ́n pé kí a ka oṣù lé ènìyàn lórí, kí ó lọ jókòó sínú ilé kan títí oṣù náà yóò fi pé, kí a sì sọ pé gbèsè rẹ̀ ti tán, èyí kì í ṣe ọgbọ́n Yorùbá. Ta ni yóò jàǹfààní rẹ̀? Ẹni tí a ṣẹ̀ kò rí nǹkan gbà, ọmọ obìnrin náà kò rí ẹni gbọ́ tirẹ̀, oko kò rí ẹni ro ó.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé àwọn kọ́ọ̀tù wọ̀nyí kalẹ̀. Òfin tí Lugard ṣe ní 1914 ni ó fi ìdí wọn múlẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa: ìjọba yan ẹni tí yóò jókòó, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ, ìjọba yan akọ̀wé tì í, ìjọba sì fún un ní akódà tí yóò máa sáré ká ìlú. Bí ó bá jẹ́ pé àṣà wa ni ilé náà ní tòótọ́, àwọn tí wọ́n ni àṣà ìbá ti fi ìlù gbà á. Kàkà bẹ́ẹ̀, nígbà tí Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò dìde ní 1916, ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù ìjọba wà nínú ohun tí ń bí wọn nínú. Nígbà tí Ẹ̀gbá dìde ní ogun Adùbí ní 1918, ọ̀rọ̀ owó orí tí ìjọba ń gbà ni ó wà níwájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù àti ìtanràn tẹ̀ lé e lẹ́yìn gbọ́ńgbọ́ń. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn mọ ohun tí ó jẹ́ tiwọn, wọ́n sì mọ èyí tí kì í ṣe tiwọn. Àwa tí a wá lẹ́yìn ni ó dà rú mọ́ lójú. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ó ń di ọṣẹ. Kọ́ọ̀tù tí ìjọba gbé kalẹ̀ pẹ́ lára àṣà títí a fi ń pè é ní àṣà. Ní 1957 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n to ipò rẹ̀ láti A dé D, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì fura pé aṣọ nìkan ni ó pààrọ̀.

Irọ́ kejì wúwo ju àkọ́kọ́ lọ. Òun ni pé bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe sí ọ̀rọ̀ àgbèrè ni kọ́ọ̀tù onípò D ṣe. Rárá o. Bí ọkùnrin kan bá gba ìyàwó mọ́ ọkọ lọ́wọ́, agbo ilé ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ń dé. Baálé yóò gbọ́, àwọn ìyálé yóò gbọ́, wọn yóò ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí ìyàwó, nítorí ìdílé méjì ni ó so okùn náà, kì í ṣe ènìyàn méjì. Wọn yóò wádìí ohun tí ó lé obìnrin kúrò nílé. Bóyá ọkọ kò bọ́ ọ, bóyá ó ń lù ú, bóyá ọmọ ni kò sí, bóyá kò sí ìdí kankan ju pé ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ lọ. Bí okùn bá ṣeé tún so, wọn yóò tún un so. Bí kò bá ṣeé so, nǹkan ìdáná yóò padà, àlè ni wọn yóò sì kọjú ìtanràn sí, nítorí òun ni ó wọ ọgbà ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. N kò sọ pé obìnrin kì í jìyà. Wọ́n ń bú u, wọ́n ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, ọkọ mìíràn a sì lù ú, ẹni tí ó bá sì fọwọ́ kan ayaba ní ààfin, ìyà rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sọ lójú ọmọdé. Ilé Yorùbá kì í ṣe ọ̀run rere fún obìnrin, ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ìyà ilé yàtọ̀ sí pé kí ìlú sọ obìnrin di ọ̀daràn, kí akódà mú un lọ́rùn ọwọ́ níwájú ọjà. Èyí, kọ́ọ̀tù ìjọba ni ó kọ́ wa.

(Mo ti gbọ́ tí àwọn mìíràn ń fi mágùn yangàn, pé òun ni ilé ẹjọ́ gidi tí a ní kí òyìnbó tó dé. Ẹ dákun, níbo ni a ti gbọ́ tẹnu olùjẹ́jọ́ níwájú mágùn? Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mágùn kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan.)

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà láti apá kejì. Ọkùnrin tí ó ní ìyàwó mẹ́ta nílé, tí ó tún ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ opó àdúgbò, ta ni ó gbé e dé iwájú kọ́ọ̀tù onípò D rí? Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní ọkùnrin ni, wọn a ní ó fẹ́ ṣe ìyàwó kẹrin. Àwọn tí ó jókòó dá ẹjọ́ obìnrin yẹn, ọkùnrin ni wọ́n ní ìgbà tí ẹjọ́ irú èyí wọ́pọ̀ jù lọ, ó sì rọrùn fún wọn láti fi ojú ọkọ wo gbogbo nǹkan. Bí wọ́n bá ní agbára láti fi ẹnu dá ọ̀ràn sílẹ̀, ìhà ibo ni ẹ rò pé ọ̀ràn náà yóò máa wó sí?

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le báyìí, n kò sì fẹ́ fò ó kọjá, nítorí àwọn ọlọ́gbọ́n ni ó ń sọ ọ́. Wọ́n ní: ìwọ tí o ń fi àṣà Yorùbá ṣe iṣẹ́, báwo ni ìwọ yóò ṣe gbè sẹ́yìn adájọ́ tí ó sọ pé òfin tí a kò kọ sílẹ̀ kì í ṣe òfin? Ǹjẹ́ kì í ṣe ẹ̀gàn àwọn baba wa ni èyí, àwọn tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, tí ìlú wọn sì tòrò fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún? Ṣé nítorí pé Ifá wà lórí ahọ́n ni kò fi jẹ́ ìmọ̀?

Ìbéèrè tí ó dára ni. Ìdáhùn mi nìyí. Òfin àìkọsílẹ̀ kò túmọ̀ sí òfin tí ó wà lẹ́nu ẹnìkan. Ẹnu gbogbo ìlú ni ó wà. Nígbà tí baálé bá ń dá ẹjọ́ lábẹ́ odán, ìyá arúgbó tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri mọ òfin náà bí baálé ṣe mọ̀ ọ́n. Bí baálé bá yà kúrò lójú ọ̀nà, ìyá náà yóò kọ́, yóò sì pa òwe kan. Ẹlòmíràn yóò rántí bí a ṣe dá irú ẹjọ́ náà ní ọdún tí eéṣú jẹ oko. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó dúró ń gbọ́, wọ́n ń gba òfin sétí fún ọjọ́ iwájú. Ìwé kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ni gbogbo àwọn tí ó jókòó jẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè dá nìkan ya ojú ewé kan kúrò nínú wọn. Baálé fúnra rẹ̀ kò lè sá lọ lẹ́yìn ìdájọ́. Àárín àwọn tí ó dá lẹ́jọ́ ni yóò sùn sí, àwọn ni yóò sì sin ín.

Ẹ wá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀tù onípò D. Ìjọba ni ó yan adájọ́ náà, ìjọba ni ó ń san owó oṣù rẹ̀, ìjọba ni ó sì lè yọ ọ́. Ìyá arúgbó kò lè kọ́ níbẹ̀, bí ó bá kọ́, wọn yóò sọ pé ó tàpá sí kọ́ọ̀tù. Olùjẹ́jọ́ a dúró sínú àpótí, a máa dá nìkan gbọ̀n. Bí adájọ́ bá ní àṣà ìlú yìí ni pé báyìí-báyìí, ta ni yóò sọ pé irọ́ ni? Òfin tí ó wà lẹ́nu gbogbo ìlú ti sún wá sí ẹnu ẹnìkan ṣoṣo. Ohun tí ó dáàbò bo òfin àìkọsílẹ̀, èyíinì ni agbo àwọn tí ń gbọ́, ti kúrò níbẹ̀, kìkì ọ̀pá àṣẹ ni ó kù. Ibi tí agbo kò bá sí mọ́, ìwé ni ó gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀, pàápàá jù lọ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀wọ̀n. Ìdí rèé tí mo fi sọ pé Ilé Ẹjọ́ Gíga kò gan àṣà ní 1961. Ẹni tí ó sọ àṣà di ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ni ó gàn án.

Pé ìwé náà wá láti ilẹ̀ òyìnbó, èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké Nàìjíríà ni wọ́n pariwo ṣáájú òmìnira pé àwọn ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ẹ̀yà ńlá yóò fi ojú àwọn rí. Ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì dábàá ní 1958 pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sínú òfin ìpìlẹ̀. Ẹ̀rù ọmọ ilẹ̀ yìí sí ọmọ ilẹ̀ yìí ni ó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹsẹ òfin náà.

Ìbẹ̀rù náà kò sì ṣì. Ní Ìwọ̀-Oòrùn yìí kan náà, kò pẹ́ lẹ́yìn ìdájọ́ 1961 tí òṣèlú fi kó wọ inú kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ìjọba láàárín 1962 sí 1965 mọ̀ pé kò sí ohun ìjà tí ó rọrùn bí adájọ́ tí wọ́n fúnra wọn yàn. Ẹni tí kò bá ṣe ẹgbẹ́ wọn, sámáńsì ń bẹ nílé fún un. Nígbà tí wẹ́tìẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹwàá 1965, àwọn adájọ́ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ wà lára àwọn tí inú ń bí ìlú sí. N kò gbé oríyìn fún ẹni tí ó sun ènìyàn nílé. Ṣùgbọ́n kí àwọn olùgbèjà àṣà dá mi lóhùn: bí ó bá jẹ́ pé irú àwọn kọ́ọ̀tù wọ̀nyẹn tún ní agbára láti dá ọ̀ràn tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnu, mélòó nínú àwọn alátakò ni ìbá kù nílé?

Èyí tí ó tún yẹ kí wọ́n rántí ni pé gbígbé ààlà sí agbára adájọ́ kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ẹjọ́ agbo ilé ní ibi tí ó dé dúró. Bí ó bá di ti agbo ilé méjì, olóyè àdúgbò ni ó ń gbọ́ ọ. Bí ó bá ju olóyè lọ, ààfin ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kan ilẹ̀, àwọn Ògbóni ti dá sí i nìyẹn. Baálẹ̀ tí kò dé adé kì í pàṣẹ kí a pa ènìyàn, ọ̀dọ̀ ọba aládé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó ń fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí. Aláàfin pàápàá ní Ọ̀yọ́ Mèsì lọ́rùn. Bí baálẹ̀ kan bá gùn lé ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, tí ẹni tí ó jẹ níyà sá dé ààfin, tí ọba sì ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni yóò sọ pé ọba ba àṣà jẹ́? Ohun tí Fatayi-Williams ṣe fún obìnrin yẹn kò ju èyí lọ.

Àwọn kan a tún sọ pé: ó dára, bí ó bá jẹ́ ìwé ni a ń fẹ́, ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀ràn ni àgbèrè. Àríwá kọ ọ́ sínú òfin ìjẹníyà wọn ní 1960. Lẹ́yìn 1999, àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ tún kọ èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ayé sì gbọ́ orúkọ Safiya Hussaini àti Amina Lawal, tí kọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ ní kí a sọ lókùúta pa. Kọ́ọ̀tù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni ó gba ọ̀kan sílẹ̀ ní Ṣókótó ní oṣù kẹta 2002, tí ó sì gba èkejì sílẹ̀ ní Kàtíṣínà ní oṣù kẹsàn-án 2003. Nínú ẹjọ́ méjèèjì, ọkùnrin tí wọ́n dárúkọ sẹ́, ó sì lọ sílé rẹ̀ ní àlàáfíà. Oyún kò ṣeé sẹ́ ní tirẹ̀. N kò rí ohun tí a óò lọ yá lọ́wọ́ wọn níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo ń sọ, kí ó lọ jókòó sí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ èyíkéyìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ìkọ̀sílẹ̀ ni ó pọ̀ jù lọ nínú ẹjọ́ wọn, àwọn oníwèé ìròyìn a sì máa gbé e jáde bí àwàdà. Àṣìlò agbára tí ó wọ́pọ̀ nísinsìnyí kì í ṣe ti ẹ̀wọ̀n mọ́. Ó fara sin ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin àti obìnrin tí ó fi òrùka gbé ara wọn níyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé níwájú aláṣẹ, wọn a kó ara wọn wá síwájú kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ pé kí ó tú àwọn ká. Òfin ọdún 1970 lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó olórùka sọ ọ́ kedere pé Ilé Ẹjọ́ Gíga ni ó ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ní kí wọ́n máa lọ. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kì í bèèrè irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe. Wọn a gba owó, wọn a gbọ́ ẹjọ́, wọn a fi òǹtẹ̀ lu ìwé, wọn a ní ìgbéyàwó ti túká.

Ìgbéyàwó náà kò túká. Ìwé yẹn kò sàn ju ìwé tí a fi ń di ẹ̀pà lọ. Obìnrin náà a ká a sínú àpótí rẹ̀, a lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, a bímọ fún un, a bá a kọ́ ilé. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ọkọ kejì a kú. Àwọn ẹbí ọkọ a gbé lọ́yà, lọ́yà a tú àpótí wò, a ní obìnrin yìí kò fi ìgbà kan jẹ́ aya òkú, nítorí aya alárédè ẹlòmíràn ni títí di òní. Ẹni tí ó jẹ́ ìyá ilé ní àná, àlejò ni lónìí. Òfin sì kọ ẹ̀wọ̀n ọdún méje sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó lé ìgbéyàwó. Òótọ́ ni pé a kì í sábà mú ènìyàn nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n idà tí a kò yọ náà ń dẹ́rù ba ẹni tí ó sùn sábẹ́ rẹ̀. Ta ni ó fi obìnrin yìí sínú wàhálà? Kì í ṣe òfin òyìnbó. Adájọ́ tí kò fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ju agbára mi lọ ni.

Ìdájọ́ 1961 kò lè gba irú obìnrin báyìí là, nítorí kò gbọ́ nípa rẹ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ ọ́, inú ìwé àwọn lọ́yà ni ó wà, àwọn lọ́yà sì ń lò ó láti fi yege nínú ìdánwò. Obìnrin ti ọjọ́ náà rí ọ̀nà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹgbẹ́ rẹ̀ san ìtanràn wọn, wọ́n sì lọ sílé. Èyí ni mo fi ń bá àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga wí ní tèmi, kí a má baà sọ pé ìhà kan ni mo gbè sí. Ààlà tí a fà sínú ìwé tí ẹni tí ó ń gbé ẹ̀bá ààlà kò lè kà, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí wọ́n ré e kọjá mọ́ ọn lórí?

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ wa kò ná wọn ní owó gọbọi. Kí wọ́n kọ ọ́ lédè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, ní lẹ́tà gàdàgbà, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀: ẹjọ́ wọ̀nyí ni a lè gbọ́ níhìn-ín, ẹjọ́ wọ̀nyí ni a kò lè gbọ́, a kò lè tú ìgbéyàwó olórùka ká, a kò lè rán ẹnikẹ́ni lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ohun tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀, bí ìdájọ́ wa kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ibi báyìí ni kí o lọ. Kí wọ́n ní kí akọ̀wé kà á sókè ní àràárọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé, kí adájọ́ tó jókòó.